Ààyè Ọwọ́ Òsì

Àwọn òkú kan wà tí wọn kì í lọ. Mi ò sọ ti iwin o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ni mo fẹ́ sọ, tí òkú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń kọjá níwájú rẹ̀ láràárọ̀ ní aago mẹ́sàn-án, tí òun náà á sì tètè dé ibi iṣẹ́ kó má baà pàdánù rẹ̀.

Tóóró ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe géèmù alùpùpù, òun ló sì ń ya àwọn ọ̀nà tóóró inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi irú géèmù bẹ́ẹ̀ ṣeré rí, ẹ mọ ibi tí mò ń wí: ibi tí èèyàn ti máa ń yà bàrà kúrò lójú títì gbalasa, tó máa bọ́ sáàárín ògiri méjì, tí ọwọ́ alùpùpù á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha ògiri lọ́tùn-ún lósì, tí èèyàn á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí àga tó jókòó sí jẹ́jẹ́ nínú pálọ̀ rẹ̀. Tóóró ló ń kó yín sí wàhálà yẹn. Òun fúnra rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba òsì rẹ̀ kọjá.

Iṣẹ́ náà ní òfin kan. Ẹni tó ya ọ̀nà kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn tí wọ́n ń pè ní adánwò ni yóò gùn ún nígbà ogún, lẹ́yìn náà yóò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀: "Ó gbà" tàbí "Kò gbà." Bó bá ti lè kọ "Kò gbà," ọ̀nà náà di títì pa. Ọ̀gá pàápàá kò lè ṣí i.

Adánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ní, Ẹ̀fúùfù ni wọ́n ń pè é. Eré sísá rẹ̀ ló fa orúkọ náà. Ẹ̀fúùfù kò kọ "Kò gbà" rí ní ọjọ́ ayé rẹ̀. Ohunkóhun tí Tóóró bá yà, á gùn ún, á rẹ́rìn-ín, á kọ "Ó gbà," á tún ya ọkàn kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí ọ̀gá fi ní kó yé ba ìwé jẹ́. Òun àti Tóóró ti dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ọmọkùnrin náà gun alùpùpù gidi wọ ọ̀nà tóóró gidi kan láàárín ilé ìkẹ́rùsí méjì, ọwọ́ òsì alùpùpù rẹ̀ kan ògiri, kò sì jáde láàyè.

Ṣùgbọ́n nínú géèmù, kò kú. Nínú ọ̀nà méje tí ó dánwò kí ó tó lọ, kọ̀ǹpútà tọ́jú eré tó yára jù lọ, ó sì sọ ọ́ di òjìji: alùpùpù funfun kan, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èéfín, ẹni tó gùn ún tẹ orí síwájú díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wọ ọ̀nà náà yóò rí i níwájú. Ọdún mẹ́rin rèé, kò sí ẹni tó bá a. Láràárọ̀ ni Tóóró ń ṣí ọ̀nà àkọ́kọ́, tí á fọwọ́ lẹ́rán, tí á wò ó bó ṣe ń kọjá lọ. Lẹ́yìn náà ni yóò tó nu ojú, tí á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bó ṣe wà nìyẹn, tí ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ń bá wọn dánwò, tó sì ń kọ "Ó gbà," kí wọ́n tó gba adánwò tuntun.

Ọkùnrin náà ti fi alùpùpù gbé lẹ́tà àti ẹrù kiri fún ọdún mẹ́sàn-án, síbẹ̀ kò sí àpá kan lára rẹ̀. Ó ń gun alùpùpù wá síbi iṣẹ́ jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn fi ń kí i, tí wọ́n sì ń kọjá lára rẹ̀. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Ìwé àkọ́kọ́ tó fi ránṣẹ́ sí tábìlì Tóóró, "Kò gbà" ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Tóóró kò rí irú èyí rí. Ó dìde, ó mú ìwé náà lọ́wọ́, ó lọ bá a.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Kí ló ṣe ọ̀nà náà?"

"Ó fẹ̀ jù."

Tóóró rẹ́rìn-ín tí kò dé inú. "Ọ̀nà tóóró tó fẹ̀ jù. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, kí n fi hàn yín." Ọkùnrin náà fa àga fún un. "Ẹ kọ ọ́ síbí pé íǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n ni fífẹ̀ rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo bá. Mo ní bóyá àṣìṣe ni. Mo bá lọ wọn gbogbo èyí tí ẹ ti yà láti ọdún mẹ́rin. Méjìlá ni wọ́n. Bákan náà ni gbogbo wọn: íǹṣì méjì ló lé, ọwọ́ òsì ló sì wà." Ó rọra gbé páàdì tó fi ń gun alùpùpù náà kalẹ̀. "Ó jọ pé ẹ ń fi ààyè sílẹ̀ fún ẹnìkan."

Tóóró gbé ojú sí ìwé náà. Kò mọ̀. Mo fi ọmọ tí mo bí búra, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é. Ó dìde, ó lọ sí ilé ìwẹ̀, ó di etí báàsìnì mú títí omi tó ṣí fi kún un. Nígbà tó padà dé tábìlì rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ọ̀nà náà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ó tún un yà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ta ló ń bá a fa ìlà?

Oṣù mẹ́ta kọjá. Jẹ́jẹ́ kò bá a sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́, ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá mú ọ̀nà tuntun wá, Jẹ́jẹ́ á fa àga, á ní, "Ẹ wá jẹ́ ká wo ọwọ́ òsì," wọ́n á sì jọ dín in kù. Bí wọ́n ṣe fi "ẹ" sílẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń pe ara wọn ní "o," tí ọ̀rọ̀ sì kúrò lórí ọ̀nà dé orí ọ̀rọ̀ ilé. Èyí tó ya Tóóró lẹ́nu ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ẹ̀rín ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì. Ẹ̀rù bà á. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, ṣé bí èèyàn ṣe ń dalẹ̀ òkú nìyí, díẹ̀díẹ̀, lórí àga ẹlòmíràn?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó kọjá lẹ́yìn Jẹ́jẹ́, ó rí ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni. Òjìji Ẹ̀fúùfù ń lọ níwájú, alùpùpù Jẹ́jẹ́ ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Kò lé e. Bí òjìji náà bá já kọ̀rọ̀ tó pòórá, Jẹ́jẹ́ á padà sí ẹnu ọ̀nà, á dúró dè é kó tún bẹ̀rẹ̀, á tún tẹ̀ lé e.

"Kí ló dé tí o ò lé e?" Tóóró bi í. "Gbogbo wọn ló máa ń fẹ́ bá a."

"Kí n bá a kí n sọ kí ni fún un? Ó mọ ọ̀nà jù mí lọ. Mo kàn ń sìn ín dé ìdajì ni."

Tóóró jókòó sílẹ̀. Omi ojú bọ́. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ló sọ.

"Èmi ni mo wọ̀n ọ́n."

"Kí lo wọ̀n?"

"Ọ̀nà tó pa á. A fẹ́ gba ohùn alùpùpù sílẹ̀ láàárín ògiri fún géèmù. Èmi ni mo rí ibẹ̀. Mo lọ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, íǹṣì méjìlélọ́gbọ̀n. Ìwé tó bá alùpùpù rẹ̀ wá sọ pé ọwọ́ méjèèjì gùn tó íǹṣì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n láti ìkangun dé ìkangun. Mẹ́ta ló ṣẹ́ kù. Íǹṣì kan ààbọ̀ lọ́tùn-ún, kan ààbọ̀ lósì. Ó bi mí pé, 'Ṣé ó gbà?' Mo ní, 'Ó gbà.' Ó dé akoto rẹ̀." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu imú. "Kò sí ọjọ́ tí n kò ṣe ìṣirò yẹn. Bó ṣe ń jáde náà nìyẹn, ó gbà. Ògiri kì í sún, Jẹ́jẹ́. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ẹlòmíràn ì bá ní kó gbàgbé, pé àmúwá Ọlọ́run ni. Jẹ́jẹ́ kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi í pé, "Kí lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Téèpù màmá mi. Aránṣọ ni wọ́n."

"Jẹ́ ká lọ tún un wọ̀n."

"Wọ́n ti wó ilé méjèèjì. Ibùdókọ̀ ló wà níbẹ̀ báyìí."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó sì dì í mú lójú gbogbo ará ọ́fíìsì. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn èèyàn ti ń fún wọn ní àyè láti jẹun ọ̀sán pọ̀.

Kò tó oṣù méjì sí i tí Jẹ́jẹ́ fi sọ tẹnu rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ni, Tóóró ń sọ̀ kalẹ̀, òun ń gòkè.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Mo ti ń wá ibi tó dáa tí màá ti sọ ọ́, kò sí, ni mo fi sọ ọ́ síbí."

"O mọ ẹni tó wà láàárín wa."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń tẹ̀ lé e. Mi ò ní kó kúrò."

"Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má tún lọ sọ fún ẹnìkan pé ó gbà."

"Má sọ ọ́ nígbà náà. Èmi ni adánwò. Jẹ́ kí n fi ojú ara mi rí i."

Tóóró gun àtẹ̀gùn náà padà sókè pẹ̀lú rẹ̀, ó sì ti gbàgbé ohun tó ń lọ ṣe nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìyá rẹ̀. Opó ni obìnrin náà, òun nìkan ló tọ́ Tóóró, yàrá iwájú ilé wọn ló sì sọ di ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ. Jẹ́jẹ́ kò ní òbí láyé mọ́, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin ló ní, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Tíṣà síbẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe alárinà. Tíṣà wọlé, ó kí ẹ kú iṣẹ́, ó kí ẹ kú ìjókòó, ó yin àwọn aṣọ tó wà lára ògiri ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tó wá tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìyá Tóóró kò jẹ́ kó parí.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ yín ń gun alùpùpù."

"Háà, ẹ kò tíì rí i níbi tó ti ń gùn ún. Adìẹ sọdá níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó dúró, ó tún dúró de àwọn ọmọ rẹ̀."

"Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó rí okùn, á sá. Mo ti bá ọmọ mi sin ọ̀kan. Ẹ máa bá mi kí wọn nílé."

Tíṣà tún wá, wọ́n tún dá a padà. Nígbà tó wá lẹ́ẹ̀kẹta, ó ní, "Ìyá ìyàwó, ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi yóò máa wá ni." Ìyá Tóóró ní àga wà nílẹ̀, kí ó máa wá. Ó sì tẹ máṣíìnì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè gbọ́ ohùn ẹnikejì.

Jẹ́jẹ́ ta alùpùpù náà. Ó ń fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́, kìlómítà mẹ́rin, nínú oòrùn. Tóóró sáré lọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, kò ní alùpùpù mọ́." Inú rẹ̀ ti ń dùn. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ojú ìyá rẹ̀ tún burú sí i.

"N kò fẹ́ ẹ."

"Kí ló wá kù?"

"N kò fẹ́ ẹ, mo ti sọ." Obìnrin náà ń wá abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó máa ń bi ọ́ nípa Ẹ̀fúùfù? Àwọn nǹkan wo ló máa ń béèrè?"

Tóóró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí Ẹ̀fúùfù ti kú, ìyá rẹ̀ kì í dárúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀, á wá iṣẹ́ gbá mú. Tóóró ti máa ń rò pé ìfẹ́ ló fà á. Lọ́jọ́ yẹn, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí i pé ẹ̀rù ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì, lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, Tóóró ń lọ aṣọ ní igun ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Jẹ́jẹ́ wọlé pẹ̀lú aṣọ tó ká sábẹ́ apá. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Mà, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ rán ṣòkòtò ni."

Ìyá Tóóró wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin náà. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, ó gbé e mì. "Gbogbo aránṣọ ìlú yìí ló ti kú tán, àbí?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n rán jù, Mà. Oníbàárà ni mo wá ṣe, mi ò wá fẹ́ ẹnikẹ́ni."

Wọn kì í lé oníbàárà. Obìnrin náà fa téèpù kúrò lára ìṣó tó fi kọ́ ọ, ó ní kó dìde. Ó fi téèpù yí ìbàdí rẹ̀ ká, ó ka ohun tó rí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Jẹ́jẹ́ ń wo ìsàlẹ̀. Ẹ rántí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa rí ohun tí kò bára mu.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, téèpù ka mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ kọ méjìlélọ́gbọ̀n."

"Mo mọ ohun tí mo kọ."

"Ṣòkòtò á há mọ́ mi o." Ó ń rẹ́rìn-ín, ó fi ìka méjì mú ìdí téèpù náà. "Áà, mo ti rí i. Orí téèpù yín ti gé. Kò ní ọ̀kan, kò ní èjì, orí èjì gan-an ló ti..."

Kò parí rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó yí ojú sí igun tí Tóóró wà, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ pé òun la ẹnu.

Áyọ́ọ̀nù ń jó aṣọ lọ́wọ́ Tóóró, kò mọ̀. Ó ń ṣe ìṣirò. Yọ méjì kúrò nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n. Mú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jáde nínú rẹ̀. Ìdajì íǹṣì lọ́tùn-ún, ìdajì íǹṣì lósì, fún ẹni tó ń sáré bí ẹ̀fúùfù. Ògiri kò sún. Méjì tó sọnù nìyẹn, méjì tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń dá padà sí ọwọ́ òsì fún ọdún mẹ́rin láìsọ fún un.

Jẹ́jẹ́ ló gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ gé e?" Tóóró béèrè.

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àga máṣíìnì. "Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn. Áyọ́ọ̀nù jó orí rẹ̀, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e dànù. Mo ní bí mo bá jáde lọ́jọ́ kẹta, màá ra òmíràn."

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo mú un."

"Mo mọ̀. Orí ìṣó kejì ni mo bá a, erùpẹ̀ ògiri wà lára rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá sọ bí ọmọ yẹn ṣe kú, ibi tó kú sí, mo gbé téèpù náà dání, mo sì mọ̀."

"Ẹ mọ̀. Ọdún mẹ́rin, Màmá. Ẹ ń gbọ́ mi nínú yàrá tí mò ń bi Ọlọ́run léèrè."

"Kí ni kí n sọ?" Ohùn obìnrin náà já. "Bí mo bá sọ ọ́, o ó mọ̀ pé èmi ni mo gé e, ìyẹn ò dùn mí. Ṣùgbọ́n o ó tún mọ̀ pé ìwọ lo kà á, tí o kò wo orí rẹ̀. Ọmọ aránṣọ, tí wọ́n bí sáàárín téèpù. Mo ní kí n jẹ́ kó o máa bá ògiri jà. Ògiri lè gbà á. Ìwọ ò lè gbà á." Ó fi ìbòrí bo ojú. "Mi ò ra òmíràn. Ojoojúmọ́ ni mò ń yọ méjì kúrò, lára gbogbo èèyàn tí mo bá wọ̀n. Kó má baà di pé mo gbàgbé. Nígbà tí wọ́n ní adánwò ló fẹ́ fẹ́ ọ, mo ní, ó ti parí. Yóò rí i. Bí irọ́ bá sá fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a."

Jẹ́jẹ́ ti jáde síta, ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, aṣọ ṣòkòtò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ apá. Tóóró kọjá lára rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú alẹ́ nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu Tóóró nílé. Kì í ṣe pé ó kórìíra ìyá rẹ̀. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò rí ẹni tó máa kórìíra mọ́. Bó bá sì wo kọ̀ǹpútà láàárọ̀, kò lè ṣí ọ̀nà àkọ́kọ́ mọ́. Kí ni yóò sọ fún òjìji náà? Pé íǹṣì méjì ni? Pé àjókù téèpù ni?

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀nà kan tí ọ̀gá kò rán an. Ó ya ògiri méjèèjì bó ṣe rántí wọn, bíríkì tó ṣí lára, páìpù omi tó ń jò, ilẹ̀kùn irin tó ti dípẹtà. Ó yà á ní ọgbọ̀n íǹṣì géérégé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ kò fi nǹkan kan kún un. Ó fi ránṣẹ́ sí adánwò.

Jẹ́jẹ́ gùn ún nígbà ogún. Tóóró jókòó sí tábìlì tirẹ̀, ó ń gbọ́ bí alùpùpù ṣe ń kan ògiri, ó sì ń kà á. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Ìyẹn náà kan ògiri, lọ́wọ́ òsì. Lẹ́yìn ogún, ó gbé ìwé náà wá fúnra rẹ̀, ó fi sí iwájú rẹ̀, ó dúró tì í.

"Kò gbà," ó ní. "Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á kọjá."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ló wà lábẹ́ ìwé náà. Tóóró sunkún lórí ìwé yẹn, ẹkún ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ bó ṣe wúwo tó. Nígbà tó dákẹ́, ó ní, "Sọ fún Tíṣà kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Máṣíìnì ò ní pariwo mọ́." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀, ó gbé orí lé e nítan. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ pa á lórí. Lẹ́yìn náà ni ìyá rẹ̀ ní, "Aṣọ wo lo fẹ́ kí n rán fún ọ?"

Obìnrin náà ra téèpù tuntun, aláwọ̀ òféefèé, irin ń dán lórí rẹ̀. Ó rán ti ọmọ rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n, nítorí ó ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ lórí, ó fi téèpù náà rán kóòtù ọkọ ìyàwó, ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni ràn án lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó ló tó rán bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn mọ́ ọn, ó sì gbé kóòtù náà lé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà wà níbẹ̀, ó ti múra láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ó ń wo aago.

Jẹ́jẹ́ wọ̀ ọ́. Ó rọra de bọ́tìnnì. Ìyá ìyàwó dúró níwájú rẹ̀, ó pa ọwọ́ pọ̀ bí ọmọ iléèwé tí wọ́n ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀.

"Ṣé ó bá ọ mu?"

Ọkùnrin tí kò purọ́ nípa fífẹ̀ ohunkóhun rí láyé rẹ̀ gbé ojú sókè. "Ó gbà mí, Mà. Ó gbà mí dáadáa."

Tóóró dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó rí bọ́tìnnì àyà tó ń fa òwú. Ó rí i pé ọkọ òun ń mí láti òkè ọ̀fun nìkan. Ó gbé téèpù tuntun lórí tábìlì, ó fi yí àyà rẹ̀ ká, méjìdínlógójì. Ó ṣí ìwé ìyá rẹ̀: mẹ́rìndínlógójì. Téèpù náà pé, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti ń yọ méjì kúrò, kò sì tíì sí ẹni tó sọ fún ọwọ́ náà pé ó tó. Ìyá rẹ̀ rí ohun tó ń kà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ó gbà mí," Jẹ́jẹ́ tún sọ. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún lọ́jọ́ náà.

"Kò gbà ọ́," Tóóró ní. Ohùn rẹ̀ le, gbogbo wọn sì wò ó. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti sọ fún ẹnìkan tó dé akoto tó ń rẹ́rìn-ín ni, láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. "Kò gbà ọ́. Bọ́ ọ."

Jẹ́jẹ́ bọ́ ọ. Tóóró jókòó sórí àga máṣíìnì pẹ̀lú gbogbo aṣọ ìyàwó rẹ̀, ó mú abẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ojú rírán ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọn aránṣọ máa ń ká aṣọ díẹ̀ sínú, ó wà níbẹ̀, ó sì tó íǹṣì méjì. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ti òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un. Tóóró mọ̀ ọ́n lára pé ẹnìkan dúró sí òsì òun, níbi tó máa ń dúró sí láti ọdún mẹ́rin. Kò wo ẹ̀gbẹ́. Ó jẹ́ kó dúró síbẹ̀, ó sì ń rán aṣọ ọkọ rẹ̀ lọ.

Tíṣà tún wo aago. Àkókò ìgbéyàwó ti kọjá. Ó bọ́ ọ kúrò lọ́wọ́, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀, ó sì fa àga jókòó. Kò sí ẹni tó ní kí ìyàwó yára.